Ṣé O Mọ̀? Lávẹ́ńdà Di Bisikíìtì

Ṣé o mọ̀ pé òdòdó tí lọ́fíńdà ti gba orúkọ ṣeé jẹ? Lávẹ́ńdà ni. Àwọn ará Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan ń pò ó mọ́ fúláwà, bọ́tà àti ṣúgà, wọ́n ń fi yan bisikíìtì, ó sì ń dùn. Àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ fífúyẹ́ ni. Bí ọwọ́ bá fi díẹ̀ wúwo, àlejò á jẹ ẹyọ kan tán, á kí ọ pé o ṣeun, kò sì ní nawọ́ sí àwo náà mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ìbátan ẹfinrin ni? Ìdílé kan náà ni lávẹ́ńdà, ẹfinrin, míǹtì, rósímẹ́rì àti táìmù tí à ń wọ́n sínú ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ti wá. Lọ já ẹ̀ka ẹfinrin kan lẹ́yìnkùlé, kí o fi ìka méjì yí igi rẹ̀ wò: kò rí róbótó, igun mẹ́rin ló ní. Wo bí ewé ṣe jókòó sára rẹ̀, méjì-méjì, wọ́n kọjú síra. Bí igi lávẹ́ńdà ṣe rí gan-an nìyẹn. Ẹni tó bá ń ṣe ẹnu pé ta ló ń fi ewé olóòórùn sóúnjẹ, kó yáa kọ́kọ́ ṣí ìkòkò ọbẹ̀ ilé tiẹ̀ wò.

Ṣé o mọ̀ pé ohun tó ń jẹ́ kí lávẹ́ńdà ta sánsán ní orúkọ? Méjì ló jẹ́ olórí wọn: linalool àti linalyl acetate. Gbé ìgò ìpara tàbí páálí ọṣẹ olóòórùn dídùn tó wà ní bálùwẹ̀ rẹ, yí i sẹ́yìn, ka àwọn lẹ́tà wínníwínní tó wà níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe dáadáa kí o bá linalool pàdé, pàápàá bó bá jẹ́ pé Yúróòpù ló ti wá, torí òfin wọn ní kí wọ́n kọ ọ́ síta bó bá ti ju ìwọ̀n kan lọ, nítorí àwọn tí ara wọn kì í gbà á. Ibi tí wàhálà bisikíìtì lávẹ́ńdà ti bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Imú wa ti mọ òórùn yìí mọ́ ọṣẹ kó tó bá a pàdé lẹ́nu, nítorí náà bó bá ti pọ̀ jù, bálùwẹ̀ ló máa sọ sí ọ lọ́kàn.

Linalool sì tún wà nínú èso koríáńdà. Ó wà lára èèpo ọsàn bergamot tí wọ́n fi ń ṣe tíì Earl Grey. Ẹni tó bá ti mu Earl Grey rí ti bá ará ilé lávẹ́ńdà pàdé láìmọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo lávẹ́ńdà ló yẹ ẹnu? Lavandula angustifolia ni àwọn tó ń yan bisikíìtì ń wá. Ọ̀pọ̀ ń pè é ní lávẹ́ńdà Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ orí àwọn òkè tó yí òkun Mẹditaréníà ká ni ilé bàbá rẹ̀; àlejò ni ní England. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kàn mọ̀ ọ́n tọ́jú ni, wọ́n sì sọ ọ́ ní orúkọ àwọn ọgbà wọn. Oríṣi Hidcote gba orúkọ ọgbà Hidcote Manor tí Lawrence Johnston dá sílẹ̀ ní Gloucestershire. Munstead gba ti Munstead Wood ní Surrey, ilé Gertrude Jekyll, obìnrin tó lókìkí nínú iṣẹ́ ọgbà. Méjèèjì wà lára èyí tí àwọn alásè fẹ́ràn jù.

Èyí tó yẹ kí o ṣọ́ra fún ni lavandin. Ọmọ tí angustifolia bí pẹ̀lú Lavandula latifolia ni. Ó ga ju ìyá rẹ̀ lọ, ó lágbára, epo rẹ̀ pọ̀, owó sì wà níbẹ̀ fún àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbé káńfọ̀ wá sílé. Nínú epo lávẹ́ńdà gidi, káńfọ̀ kì í sábà tó ìdá 1 nínú 100. Nínú ti lavandin tí wọ́n ń pè ní Grosso, ó máa ń wà láàárín 6 sí 8. Káńfọ̀ yìí ló máa ń mú imú là nínú ìpara òtútù. Ó dára láyà àgbàlagbà tí òtútù ń mú. Nínú bisikíìtì, ìkorò lásán ni.

Ṣé o mọ̀ pé lavandin kì í so èso tó lè hù? Bí a ṣe ń gé igi pákí gbìn ni wọ́n ṣe ń gé ẹ̀ka rẹ̀ gbìn. Gbogbo Grosso tó wà káàkiri ayé, igi kan ṣoṣo ni wọ́n jẹ́ ní ti gidi.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn pápá elésè àlùkò tí ò ń rí nínú fọ́tò Provence, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, lavandin ló pọ̀ jù níbẹ̀? Valensole ni ọ̀pọ̀ àlejò ń lọ láti ya fọ́tò, láàárín òpin oṣù kẹfà sí oṣù keje, nígbà tí òdòdó bá kún. Lavandin ni wọ́n dúró sí láàárín. Lávẹ́ńdà gidi fẹ́ràn òkè tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1981 ni ìjọba Faransé ti fi òfin dáàbò bo epo lávẹ́ńdà Haute-Provence, wọ́n sì ní ilẹ̀ tó bá ga tó mítà 800 sókè nìkan ló lè jẹ́ orúkọ náà. Àwọn ará Sault, ìlú kan ní Provence, ń ṣe àjọ̀dún lávẹ́ńdà tiwọn ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ.

Ṣé o mọ̀ pé àpòpọ̀ ewé tí wọ́n ń tà ní páálí pẹ̀lú orúkọ Provence ní Amẹ́ríkà sábà máa ń ní lávẹ́ńdà nínú, àmọ́ èyí tí àwọn ará Provence ń lò látilẹ̀ kò ní? Arìnrìn-àjò ló fẹ́ ẹ, ọlọ́jà sì fi sí i.

Ṣé o mọ̀ pé òdòdó tó ti là tán kọ́ ni wọ́n ń fẹ́ fún jíjẹ? Ìrudi ni, nígbà tí òdòdó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa yọjú. Epo náà wà nínú àwọn kókó wínníwínní tó wà lára èèpo tó di ìrudi mú. Wọ́n á gé e, wọ́n á dì í ní ìdì-ìdì, wọ́n á gbé e kọ́ sódì níbi tí òòrùn kò dé tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ sí. Bó bá gbẹ, wọ́n á fi ọwọ́ rin ín kúrò lára igi. Gbígbẹ rẹ̀ lágbára ju tútù lọ: ibi tí ṣíbí tíì mẹ́ta tútù yóò ti ṣiṣẹ́, ẹyọ kan gbígbẹ ti tó. Ẹni tó ka ìwé tí wọ́n kọ fún tútù tó wá fi gbígbẹ ṣe é ní ìwọ̀n kan náà ni ẹni tó máa ń sọ pé òun ò fẹ́ràn lávẹ́ńdà.

Èló ló tó, nígbà náà? Fún fúláwà gíráàmù 300, ṣíbí tíì méjì ìrudi gbígbẹ tó. Ẹni tó bá ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀kan àbọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ṣúgà ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́? Má da ìrudi odindi sínú bisikíìtì. Ó máa ń há sí eyín, ẹni tó bá sì fi eyín gé e pàdé máa ń bá gbogbo epo rẹ̀ pàdé lẹ́ẹ̀kan náà. Dà á sínú odó kékeré pẹ̀lú ìkúnwọ́ ṣúgà kan, kí o gún un. Igun wẹ́wẹ́ tó wà lára ṣúgà máa ń bá ọmọ odó ṣiṣẹ́, ó ń ya ìrudi náà, ó sì ń fa epo rẹ̀ mu. Láìpẹ́ ṣúgà náà á ṣú díẹ̀, á máa lẹ̀ mọ́ra bí ìgbà tó bá ti gba ọ̀rinrin. Sẹ́ ẹ, da ṣákítí tó kù nù. Bílẹ́ńdà náà lè ṣe é, àmọ́ tẹ̀ ẹ́ ní dídákúrekú kó má baà gbóná.

Ọ̀nà kejì ni bọ́tà. Linalool kì í fi bẹ́ẹ̀ bá omi rẹ́. Ọ̀rá ló mọ̀. Yọ́ bọ́tà lórí iná kékeré, da ìrudi sí i, sọ ọ́ kalẹ̀ kó má hó, fi sílẹ̀ fún bíi ìdajì wákàtí, sẹ́ ẹ, kí o sì gbé e sí fìríìjì títí yóò fi dì padà. Gbogbo adùn náà á ti wọnú ọ̀rá, kò ní sí èérún kankan lẹ́nu ẹni tó ń jẹ ẹ́. Èmi fara mọ́ ọ̀nà yìí ju ti ṣúgà lọ, bó tilẹ̀ ń gba àkókò.

Ọ̀rọ̀ kan nípa bọ́tà wa yìí. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí à ń pè ní bọ́tà nílé, tó wà nínú ike aláwọ̀ òféefèé, margarine ni, epo igi ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì ti fi iyọ̀ àti òórùn tiẹ̀ sí i. Ó dára fún ṣinṣín. Lávẹ́ńdà kò lè gbéraga níwájú rẹ̀. Bọ́tà tí wọ́n fi wàrà màlúù ṣe, tí kò ní iyọ̀, ni kí o rà fún eléyìí, bó tilẹ̀ wọ́n.

Ṣé o mọ̀ pé bisikíìtì tó bá lávẹ́ńdà mu jù kò ní ẹyin, kò ní ìwúkàrà, kò sì ní wàrà yàtọ̀ sí èyí tó di bọ́tà? Shortbread ni, bisikíìtì àwọn ará Scotland. Ìwọ̀n rẹ̀ rọrùn débi pé ọmọdé lè há a sórí: ṣúgà ìdá kan, bọ́tà ìdá méjì, fúláwà ìdá mẹ́ta. Gíráàmù 100, 200, 300, pẹ̀lú iyọ̀ fíńfín. Bọ́tà tó pọ̀ yẹn ló ń bo fúláwà lára tí kò fi lè fà bí búrẹ́dì. Ìdí nìyẹn tó fi ń fọ́ wẹ́wẹ́ lẹ́nu. Nítorí náà má pò ó bí ẹni ń pò ṣinṣín. Bó bá ti kó ara jọ, ó tó.

Àwọn kan máa ń yọ díẹ̀ kúrò nínú fúláwà, wọ́n á fi ìyẹ̀fun ìrẹsì tàbí sẹ̀mólínà rọ́pò rẹ̀ kó lè máa hanrun díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, sẹ̀mó. Ọmọ Yorùbá tó ń fi tiẹ̀ jẹ ẹ̀fọ́ rírò nìkan kò mọ̀ pé ìyá àgbà kan wà ní England tó ń fi í yan bisikíìtì.

Ṣé o mọ̀ pé fìríìjì ṣe pàtàkì ju ófùn lọ nínú iṣẹ́ yìí, pàápàá níbi tí ooru ti ń mú? Bọ́tà máa ń yọ́ tán ní nǹkan bí 32 sí 35 lórí ìwọ̀n Celsius. Ilé ìdáná Ìbàdàn tàbí Cotonou lọ́sàn-án oṣù kẹta kò jìnnà síbẹ̀. Ìyẹ̀fun tí bọ́tà rẹ̀ ti ń yọ́ kó tó wọ ófùn á tẹ́ pẹrẹsẹ sórí páànù, etí rẹ̀ á jó. Gé e tán, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan, kí o gbé e sí fìríìjì fún ìdajì wákàtí kó tó wọná.

Ṣé o mọ̀ pé òórùn dídùn tó gba gbogbo ilé nígbà tí bisikíìtì wà nínú ófùn, òfò ni? Adùn tó yẹ kó kù sílẹ̀ fún ẹnu ló ń bá atẹ́gùn lọ yẹn. Epo lávẹ́ńdà kì í fẹ́ jókòó sójú kan. Bí ooru bá ti bà á, á gbéra. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n yan fi ń lo iná tó rọ̀, 160 tàbí 170 lórí ìwọ̀n Celsius, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 25. Bí etí rẹ̀ bá ti ń pọ́n díẹ̀ tí àárín rẹ̀ sì funfun síbẹ̀, yọ ọ́. Á rọ̀ lọ́wọ́, o lè rò pé kò jiná. Fi sílẹ̀ lórí páànù, á le fúnra rẹ̀. Bisikíìtì tó bá di aláwọ̀ igi ti gba adùn mìíràn, ìyẹn adùn ṣúgà àti bọ́tà tó jó, kò sì sí lávẹ́ńdà tó lè bá a jà.

Ṣé o mọ̀ pé bisikíìtì lávẹ́ńdà gidi kì í ní àwọ̀ elésè àlùkò? Àwọ̀ òdòdó náà wá láti ara anthocyanin, irú ohun tó fún ìṣápá pupa tí à ń fi ṣe sóbò ní àwọ̀. Ó máa ń yí padà bí ohun tó bá pàdé. Bu sóbò tí kò ní ṣúgà sínú ife, fi bàkín sódà díẹ̀ sí i: á ru, pupa rẹ̀ á sì ṣú lọ sí àwọ̀ aró. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí èérún lávẹ́ńdà nínú bisikíìtì tó ní sódà nìyẹn. Á di aláwọ̀ eérú, á sì dà bí ìdọ̀tí. Bí o bá rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń dán bí aṣọ bíṣọ́ọ̀bù, ẹnì kan ti da àwọ̀ sí i.

Èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù tí a rin wẹ́wẹ́ bá lávẹ́ńdà lọ dáadáa. Oyin náà bá a lọ, a kò sì gbọdọ̀ gbàgbé pé àwọn kòkòrò oyin gan-an fẹ́ràn pápá lávẹ́ńdà. Oyin lávẹ́ńdà jẹ́ ọjà pàtàkì ní Provence. Ṣokoléètì ní tiẹ̀ máa ń gbé adùn lávẹ́ńdà mì.

Ṣé o mọ̀ pé kàlẹ́ńdà kan ló gba lávẹ́ńdà là ní Japan? Ní Furano, ní erékùṣù Hokkaido, àwọn àgbẹ̀ ń gbìn ín fún ilé iṣẹ́ lọ́fíńdà. Nígbà tó di àárín àwọn ọdún 1970, lọ́fíńdà àtọwọ́dá àti epo òkèèrè ti ba ọjà wọn jẹ́, ọ̀pọ̀ sì hú tiwọn dànù. Tadao Tomita, tó ti ń gbìn ín láti 1958, kò hú tiẹ̀. Ní 1976, fọ́tò pápá rẹ̀ jáde nínú kàlẹ́ńdà ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojúirin Japan, ni àwọn ènìyàn bá ń béèrè ibi tó wà. Lónìí, Farm Tomita jẹ́ ibi ìgbafẹ́ ńlá, àìsìkiriìmù lávẹ́ńdà wọn sì ní òkìkí. Ojú ló kọ́kọ́ rí i kí ẹnu tó tọ́ ọ wò.

Ṣé o mọ̀ pé gúúsù London, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ilẹ̀ lávẹ́ńdà ni tẹ́lẹ̀? Ní Mitcham, ilé iṣẹ́ Potter and Moore ti bẹ̀rẹ̀ láti 1749, wọ́n ń gbìn ín, wọ́n ń fún epo rẹ̀. Ilé ni wọ́n padà kọ́ sórí oko náà. Ẹni tó bá wọ bọ́ọ̀sì gba Battersea kọjá ti rí orúkọ Lavender Hill lára ògiri. Àwọn obìnrin a máa kiri òdòdó náà ní ìgboro, wọ́n a sì máa fi orin polówó rẹ̀ bí àwọn ìyá wa ṣe ń polówó ọjà. Ralph Vaughan Williams fi ohùn ìpolówó yẹn sínú A London Symphony rẹ̀, tí wọ́n kọ́kọ́ gbé jáde ní 1914. Bí o bá wà níbẹ̀ ní oṣù keje, oko Mayfield ní Banstead kò jìnnà. Àpótí tẹlifóònù pupa kan wà láàárín pápá náà tí gbogbo èèyàn ń tò síwájú rẹ̀ láti ya fọ́tò.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn ìran wa ní Bahia, ní ilẹ̀ Brazil, kò fi lávẹ́ńdà ṣeré? Alfazema ni wọ́n ń pè é. Àwọn òṣìṣẹ́ èbúté Salvador dá ẹgbẹ́ Filhos de Gandhy sílẹ̀ ní 1949. Bí wọ́n bá jáde ní àkókò káńífà, aṣọ funfun ni, láwàní funfun ni, ìlẹ̀kẹ̀ funfun àti búlúù ni, ìlù Ìjẹ̀ṣà ni, wọ́n á sì máa fín omi alfazema sí èrò lára. Ní Cuba, àwọn olóòṣà ń fi Agua de Florida wẹ ara àti ilé mọ́; lávẹ́ńdà wà nínú òórùn rẹ̀ pẹ̀lú ọsàn àti kànáfùrù. Bàbá àgbà kan ní Salvador tí a bá fi bisikíìtì lávẹ́ńdà lọ̀ lè bi wá bóyá orí ló yà wá, mi ò sì ní bá a jiyàn.

Ṣé o mọ̀ pé ìgò kékeré epo lávẹ́ńdà tí wọ́n ń tà fún ìfọwọ́ra kì í ṣe fún oúnjẹ? Ó ń gba òdòdó lávẹ́ńdà gidi tó lé ní kìlógíráàmù 100 kí lítà epo kan ṣoṣo tó jáde. Wo bí ẹ̀kán kan ṣe máa lágbára tó. Àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ ní Amẹ́ríkà ka lávẹ́ńdà fúnra rẹ̀ mọ́ àwọn èròjà atasánsán tí kò léwu fún oúnjẹ. Èyí sì jẹ́ ti ènìyàn o. Ajá àti ológbò kì í rí i gbà lára, nítorí náà má ju èyí tó bá fọ́ sí wọn.

Ṣé o mọ̀ ìdí tí lávẹ́ńdà kì í fi ṣe dáadáa lẹ́yìnkùlé Èkó? Ilẹ̀ gbígbẹ olókùúta ló fẹ́, pẹ̀lú òòrùn tó mú. Bí omi bá dúró sí gbòǹgbò rẹ̀, á jẹrà. Ìlú Sequim ní ìpínlẹ̀ Washington, tó ń ṣe àjọ̀dún lávẹ́ńdà ní oṣù keje lọ́dọọdún, wà lẹ́yìn òkè Olympic tó ń dá òjò dúró fún un. Òjò tó ń rọ̀ níbẹ̀ kò ju nǹkan bí mìlímítà 400 lọ lọ́dún. Èkó ń gba ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, ó tún lé.

Kí ẹni tí kò rí lávẹ́ńdà rà wá ṣe? Kó lọ sọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀. Gún ewé ẹfinrin wẹ́wẹ́ díẹ̀ pẹ̀lú ṣúgà, rin èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, kí o sì yan shortbread bí a ṣe sọ. Ìdájọ́ tèmi ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ borí lávẹ́ńdà. Ẹfinrin ńlá ni kí o má ṣe lò. Ó le jù, bisikíìtì á di àgbo.

Bisikíìtì tó ti tutù, inú agolo tó dé pinpin ni kó wà. Ní ọjọ́ kejì, lávẹ́ńdà á ti balẹ̀ sínú bọ́tà, adùn rẹ̀ á sì dọ́gba ju ti ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ kan dáadáa.

Bí o bá sì fẹ́ ra ìrudi, ka ara páálí rẹ̀ kí o tó sanwó. Àpò kékeré tí wọ́n ń tà fún inú àpótí aṣọ lè ní lọ́fíńdà àfikún, ìdì òdòdó tí wọ́n ń tà fún ọ̀ṣọ́ sì lè ti mu oògùn apakòkòrò. Bí kò bá sí i lára rẹ̀ pé fún jíjẹ ni, fi sílẹ̀ lórí àtẹ.